Ẹrù bátìrì dá ọmọ ogun lágara: Ṣé ẹ̀rọ amúnáwá tó kéré bíi bọ́tìnnì lè sọ ọ́ kalẹ̀?

Bí èèyàn bá rí ọmọ ogun Amẹ́ríkà nínú tẹlifíṣàn, ìbọn ọwọ́ rẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ ń lọ sí. Ohun tí ojú kì í rí ni bátìrì tó kún inú àpò ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà ogun Afghanistan, ẹni tó bá ń jáde lọ fún ọjọ́ mẹ́ta lè ru bátìrì tó tó 70, tí gbogbo rẹ̀ sì wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 7. Rédíò ń jẹ iná, awò tí wọ́n fi ń ríran lóru ń jẹ iná. Omi ńkọ́? Oúnjẹ àti ọta ìbọn ńkọ́? Ẹ̀yìn kan náà ló ń ru gbogbo rẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1995 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Epstein àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojútùú sí i, tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì ń fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni ẹ̀ńjìnnì bíi ti bàálù, ṣùgbọ́n tí kò ní ju bọ́tìnnì ńlá lọ. Sílíkọ́nì pẹlẹbẹ mẹ́fà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n tò léra. Epo yóò máa jó nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò sì máa yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nígbà 20,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìrònú wọn kò ṣòro láti lóye. Agbára tó wà nínú kílógíráàmù epo dísù kan fi ìlọ́po 40 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ti bátìrì líthíọ́mù tó wúwo tó o. Bí ẹ̀rọ náà bá tilẹ̀ fi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá epo ṣòfò, èyí tó kù ṣì borí bátìrì.

Ṣùgbọ́n kíkéré rẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀. Ibi tí iná ti ń jó kò jìnnà sí ibi tó yẹ kó tutù, ooru sì ń ràn débẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń jò gba etí abẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá fi irin tó ń gba ooru èéfín padà kún un kí epo má baà ṣòfò, ẹ̀rọ yóò tún wúwo.

Ọ̀rọ̀ epo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun náà gbé jáde ní 2009 fi hàn pé ní Afghanistan lọ́dún 2007, nínú ìrìn-àjò ọkọ̀ agbépo 24, èèyàn kan ló ń kú tàbí tó ń fara gbọgbẹ́. Jẹnẹrétọ̀ bùdó sì wà lára ohun tó ń mu epo náà.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tó fúyẹ́ lẹ́yìn ọmọ ogun, ṣùgbọ́n tó ń mu epo bí ẹni mu omi, yóò kàn máa pe ọkọ̀ agbépo sójú ọ̀nà ni. Ẹrù tó kúrò lórí Táíwò tó bọ́ sórí Kẹ́hìndé, inú ilé náà ló ṣì wà.