Ẹdùn àrá lè di ẹ̀rí ìpànìyàn: Iṣẹ́ ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ayé ìwáṣẹ̀ nílẹ̀ Rẹ́mọ

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni òpó tí gbogbo ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúró lé. Wọ́n bá òkú nílẹ̀, ẹni tí gbogbo ilé ń nàka sí kọ́ ló ṣe é, ẹni tí kò sẹ́ni tó fura sí ló ń sunkún jù nídìí òkú.

Òǹkàwé tó ti dàgbà kò ní gbàgbé Lápàdé, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi ṣe akọni nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971). Kọ́lá Akínlàdé náà kò gbẹ́yìn. Òun ló kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ní 1971, tó sì tún kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ ní 1976. Ṣùgbọ́n ayé tó lajú ni Lápàdé ti ṣe tirẹ̀: ọkọ̀ wà, ọlọ́pàá wà, ilé ẹjọ́ wà. Bí wọ́n bá pa èèyàn nígbà tí kò sí ọ̀kankan nínú wọn ńkọ́? Ta ni yóò tú àṣírí náà, kí ni yóò sì fi tú u?

Ìlú òyìnbó ti dán irú rẹ̀ wò. Ní 1944, Agatha Christie gbé ìwé kan jáde tó pè ní Death Comes as the End. Ilẹ̀ Íjíbítì ni ìpànìyàn inú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí 2000 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Stephen Glanville, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa Íjíbítì àtijọ́, ló rọ̀ ọ́ pé kó gbìyànjú rẹ̀. Awalẹ̀pìtàn sì ni ọkọ obìnrin náà, Max Mallowan. Àmọ́ àwọn ará Íjíbítì ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà náà, Christie sì rí ibi tó ti lè wo bí wọ́n ṣe ń jẹ, bí wọ́n ṣe ń mu. Nílẹ̀ Rẹ́mọ, kó tó di ọ̀rúndún 19, ẹnu àgbà ni ìtàn ń gbé. Ayé tí kò sí ìwé yìí kò jìnnà sí wa rárá. Baba ńlá ẹlòmíràn tó ń ka ojú ewé yìí gbé inú rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà òǹkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀. Kò lè kọ ọ́ pé “ní Ṣágámù” wọ́n pa ẹnìkan, nítorí pé 1872 ni àwọn ìlú bíi Ọ̀fin, Mákun àti Oko ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ara wọn jọ síbi kan nítorí ogun, tí wọ́n di Ṣágámù. Kò lè fi gbànja sẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Gbànja tí wọ́n fi ń pe Ṣágámù ní ìlú obì yìí, ìparí ọ̀rúndún 19 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni gbígbìn rẹ̀ gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Obì àbàtà ló ti wà ńlẹ̀ tipẹ́. Àgbàdo, gbágùúdá, tòmátò, ata rodo, gbogbo wọn ló wá láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí òyìnbó ti gba orí òkun débẹ̀. Ataare àti iyèré ni kó wà nínú ọbẹ̀. Èyí tó máa dun ará Rẹ́mọ jù ni ti ìkọ́kọrẹ́: ewùrà tí wọ́n fi ń ro ó, láti Éṣíà ni orírun rẹ̀. Bí ìtàn bá ti lọ sẹ́yìn gan-an, kí òǹkọ̀wé gbé ìkọ́kọrẹ́ kúrò níwájú àlejò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ní òfin tirẹ̀. Wákàtí, àlàáfíà, fìtílà àti sèríà, èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá. Ẹni tí wọ́n bá fura sí kò lè sọ pé wákàtí kan péré lòun fi kúrò nílé. Yóò ní àkùkọ ìdájí lòun jáde, òun sì padà kí ìrì tó gbẹ. Ìyẹn gan-an sì dùn létí jù, nítorí pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè lọ wo ìrì ara ewé lójú ọ̀nà oko, kó mọ̀ bóyá irọ́ ni.

Ẹ̀rí kò wọ́n. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti hú ẹdùn àrá jáde nínú ebè. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní Ṣàngó ló sọ ọ́ sílẹ̀ látòkè, wọ́n sì ń gbé e sójúbọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké òkúta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí àwọn èèyàn àtijọ́ fi ń gé igi kí irin tó dé. Ẹ wá wò ó pé ohun tí wọ́n fi pa èèyàn wà lójúbọ, tí kò sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kàn án.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ihò Eléérú ń bẹ nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti wú egungun èèyàn kan jáde ní 1965, tó ti lé ní 11,000 ọdún. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2011, àwọn onímọ̀ ní agbárí náà jọ ti àwọn tó ti wà láyé tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀ ju ti àwọn tí wọ́n jọ gbé ayé lọ. Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ṣì ń rú wọn lójú. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tòótọ́ nìyẹn.

Ti Ifá ló le jù. Bí babaláwo bá dá owó, tó sì dárúkọ apànìyàn lójú ewé kejì, ìtàn ti parí. Ronald Knox, alùfáà ìjọ Àgùdà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣòfin ní 1929 pé agbára àìrí kò gbọdọ̀ wọ inú irú ìtàn yìí. Òfin tirẹ̀ nìyẹn; ìtàn Rẹ́mọ àtijọ́ tí kò ní Ifá kò lè jọ òótọ́. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ifá kì í sábà dárúkọ, ìtàn ló ń sọ, àwọn èèyàn ló sì lè túmọ̀ rẹ̀ òdì. Ọdẹ tó mọ ipasẹ̀ kà ni yóò wá fi ẹsẹ̀ tó rí nílẹ̀ sọ ibi tí ìtumọ̀ ti wọ́.

Nígbà tí ìwé bá parí, títẹ̀ ló kù. Longman ló tẹ Àjà Ló Lẹrù, ọjà sì wà fún un. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January 1955. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọlé lọ́dún náà ti pé ogún ọdún nígbà tí Lápàdé jáde. Lónìí, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ kò bá kà kì í yá ilé iṣẹ́ atẹ̀wé lára láti gbà. Ní November 2025 ni ìjọba àpapọ̀ tún wọ́gi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọdé. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ dá a tẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò gba nọ́ńbà ISBN lọ́wọ́ National Library, yóò sì fún wọn ní ẹ̀dà mẹ́ta bí òfin 1970 ṣe sọ.

Kó tó sanwó, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbé àmì ohùn. “Ọkọ ló pa á” ń ka ẹ̀sùn sí baálé ilé lọ́rùn. “Ọ̀kọ̀ ló pa á” ń sọ ohun ìjà tí wọ́n fi ṣe é. Bí àmì bá sì já lójú ewé tó yẹ kí àṣírí tú, òǹkàwé tó ti ń bá wọn bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kò ní mọ ẹni tí wọ́n mú.