Bí A Ṣe Ń Yan DAC Olówó Pọ́ọ́kú fún Orin Ilé

Ní ayé àtijọ́, bí ènìyàn bá fẹ́ gbọ́ orin Haruna Ishola nínú ilé rẹ̀, àwo dúdú ni yóò gbé lé orí giramafóònù. Abẹ́rẹ́ yóò máa tọ ojú ìlà tí a gbẹ́ sí ara àwo náà. Bí ìlà bá ti rí ni abẹ́rẹ́ yóò ṣe máa gbọ̀n, gbígbọ̀n yìí ni ó sì ń di ohùn. Lónìí, orin kan náà lè wà nínú fóònù alágbèéká tàbí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò sí ìlà níbẹ̀ mọ́. Kìkì nọ́ńbà ni. Etí ènìyàn kò sì gbọ́ èdè nọ́ńbà. Nítorí náà ni a ṣe nílò ògbufọ̀ kan láàrin àwọn méjèèjì. Ògbufọ̀ yìí ni ẹ̀rọ tí a ń pè ní DAC. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nísinsìnyí ni bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè yan èyí tí ó dára, láì fi owó oúnjẹ ra ohun tí etí rẹ̀ kò ní mọ̀.

Ohùn kò ju afẹ́fẹ́ tí ń gbọ̀n lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sony àti Philips gbé sídíì jáde ní ọdún 1982, ìlànà wọn ni pé kí a máa wọn gbígbọ̀n náà ní ìgbà 44,100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kí a sì kọ ohun tí a bá wọ̀n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ìpele 65,536. Iṣẹ́ DAC ni láti ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, kí ó sì sọ wọ́n di iná mànàmáná tí ń lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí ohùn náà ti ṣe. Áńpílífáyà yóò fi agbára kún iná yìí, sípíkà yóò sì fi í mi afẹ́fẹ́ inú yàrá. Ògbufọ̀ rere ni èyí tí kò fi kún ọ̀rọ̀, tí kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá ti lè sọ ohun tí a sọ gẹ́lẹ́, bí a tilẹ̀ san owó ọ̀yà rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà kò lè tọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ mọ̀ pé DAC ti wà nínú ilé òun kí òun tó jáde lọ sí ọjà. Fóònù, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti tẹlifíṣọ̀n tí ń fọhùn fúnra wọn ní tiwọn nínú. Sípíkà tí ń gba orin nípasẹ̀ Bluetooth pàápàá ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ra DAC fún fóònù rẹ̀ nítorí irú sípíkà bẹ́ẹ̀ ń fi agbọ̀n pọn omi ni.

Nígbà wo, nígbà náà, ni ó tọ́ kí a ra òmíràn? Ìdí mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èkíní, bí fóònù kò bá ní ihò tí a ń ki okùn íápíìsì bọ̀, irú èyí tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò nínú fóònù rẹ̀ ní ọdún 2016. Èkejì, bí ariwo bá ń hó tàbí tí ó ń kùn lábẹ́ orin tí kọ̀ǹpútà ń kọ. Ẹ̀kẹta, bí ohùn kò bá lágbára tó fún hẹ́ẹ̀dìfóònù ńlá tí a ń dé lé etí. Ẹ̀kẹrin, bí tẹlifíṣọ̀n bá ń gbé ohùn jáde nípasẹ̀ okùn ìmọ́lẹ̀ nìkan, tí áńpílífáyà àtijọ́ kò sì ní ihò irú okùn bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, kí owó wà nínú àpò.

Ẹni tí ó bá ní ìdí, kí ó wo ibi tí orin yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde. Fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, ihò USB ni; fún tẹlifíṣọ̀n, ihò okùn ìmọ́lẹ̀ ni. Bí a bá ti ní áńpílífáyà, kí DAC ní ihò tí okùn rẹ̀ bá mu. Bí ó bá ṣe hẹ́ẹ̀dìfóònù ni a fẹ́ lò, kí ó ní agbára tí ó tó o. Ní ọdún 2018, Apple gbé okùn kúkúrú kan jáde ní dọ́là 9, odidi DAC sì wà nínú orí rẹ̀. Irú rẹ̀ tó fún íápíìsì àti fún áńpílífáyà ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ lára àwọn fóònù Android kan. Ṣùgbọ́n okùn mìíràn wà ní ọjà tí ó jọ ọ́, tí kò sì ní DAC kankan nínú. Ohùn tí fóònù bá ti túmọ̀ tán ni ó kàn ń gbé kọjá. Fóònù tí kì í gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde kò ní fọhùn lára rẹ̀ rárá. Kí olùrà béèrè, kí ó sì dán an wò kí ó tó sanwó.

Kí ó má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tí ó wà lára páálí tan òun jẹ. Yóò rí 32 bit àti 768 kHz níbẹ̀, wọn yóò sì fi ti sídíì, tí í ṣe 16 bit àti 44.1 kHz, ṣe yẹ̀yẹ́. Etí ọ̀dọ́ tí ó dá ṣáṣá kì í sábà gbọ́ ju gbígbọ̀n 20,000 lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti àgbà kò tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò sì fi hàn pé bí iye ìgbà tí a ń wọn ohùn bá ju ìlọ́po méjì gbígbọ̀n rẹ̀ lọ, a lè dá ohùn náà padà bí ó ti wà. Ní ọdún 2007, E. Brad Meyer àti David R. Moran tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi orin tí ìwọ̀n rẹ̀ ju ti sídíì lọ fún àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ìwọ̀n sídíì nígbà mìíràn láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Nínú ìdáhùn 554, 276 ni ó tọ̀nà. Ẹni tí ó ń ju owó wẹ́wẹ́ sókè láti fi dáhùn yóò gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti ariwo kíkùn, a kì í ra oògùn kí a tó mọ àrùn. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá ń kùn nínú áńpílífáyà, kí a yọ okùn tí ń fi iná sí bátìrì rẹ̀. Bí kíkùn náà bá dákẹ́, ọ̀nà okùn iná ni ó ń gbà wọlé, DAC oní-USB tuntun sì lè má lè lé e. Okùn ìmọ́lẹ̀ lè lé e, bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ní ihò rẹ̀, nítorí pé kì í gbé iná mànàmáná. Bí wọn kò bá ní in, kí a máa fi bátìrì gbọ́ orin. Ìyẹn kò ní ná wa ní kọ́bọ̀.

Bí oníṣòwò bá ní èyí tí ó wọ́n dùn ju èyí tí kò wọ́n lọ, kí a má ṣe bá a jiyàn. Kí a dán an wò. Kí méjèèjì máa dún ní ìwọ̀n kan náà, nítorí pé èyí tí ó bá fi díẹ̀ ròkè ni etí a máa rò pé ó dùn jù. Kí ọ̀rẹ́ kan máa pààrọ̀ wọn lẹ́yìn aṣọ títa ní ìgbà 10, kí ẹni tí ń gbọ́ sì máa sọ èyí tí ń dún. Ẹni tí ó gba 5, àbá ni ó ń dá. Ẹni tí ó gba 9 tàbí 10 ni a lè gbà pé ó gbọ́ ìyàtọ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ gbé tóbi ní tòótọ́ ni sípíkà àti hẹ́ẹ̀dìfóònù, nítorí pé àwọn ni ń mi afẹ́fẹ́. Ibi tí a gbé sípíkà kà pàápàá ní ipa tirẹ̀: bí a bá tì í mọ́ igun ògiri, ohùn ìlù ńlá yóò wú ju bí ó ti yẹ lọ, bí a bá fà á síwájú díẹ̀, ohùn akọrin lè là sí i. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní owó díẹ̀ ná èyí tí ó pọ̀ jù sórí sípíkà, kí ó ra ògbufọ̀ tí ó kan tó iṣẹ́, kí ó sì fi ìyókù gbọ́ bùkátà ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò kò ṣẹ̀ bí ó bá ń polówó ọjà rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tí ń ra ohun èlò orin, kí ó fi etí rẹ̀ ṣọ́ àpò rẹ̀.