Ìdí Tí Filọ́sọ́fì Gíríìkì Àtijọ́ Fi Ń Le fún Akẹ́kọ̀ọ́

Filọ́sọ́fì Gíríìkì àtijọ́ ni àkójọ èrò àti àríyànjiyàn tí àwọn amòye tó ń sọ èdè Gíríìkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kalẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹfà ṣáájú ìbí Kristi. Ṣàṣà ni akẹ́kọ̀ọ́ filọ́sọ́fì ní yunifásítì tí kì í bá Socrates, Plato àti Aristotle pàdé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń ka ojú ewé mẹ́wàá tán láìlè sọ ohun tí wọ́n kà, wọn a sì rò pé ọpọlọ àwọn ni kò gbé e. Bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣòro náà wà nínú àwọn ìwé fúnra wọn. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n: àjákù ọ̀rọ̀, ìtàkùrọ̀sọ, àti àkọsílẹ̀ tí olùkọ́ fi ń kọ́ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jọ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ òde òní, bí a sì ṣe ń ka ọ̀kan kọ́ ni a ṣe ń ka èkejì.

Àwọn amòye tó ṣáájú Socrates ló ni àjákù. Thales, ará Mílétù ní etíkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí, sọ pé omi ni orísun ohun gbogbo. Anaximander, ará ìlú rẹ̀, kò gbà; ó ní ohun kan tí kò lópin ni. Anaximenes, ará Mílétù bákan náà, ní afẹ́fẹ́ ni: bó bá fẹ́lẹ́, á di iná, bó bá ki, á di ìkùukùu, á di omi, á di ilẹ̀, títí dórí òkúta. Ẹni tó bá wo ìdáhùn wọn nìkan á rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú wọn ṣe pàtàkì ni pé wọn kò kàn sọ pé bí àwọn òrìṣà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn; àlàyé tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò, kó sì takò, ni wọ́n ń wá.

Kò sí ìwé ẹnìkan nínú wọn tó kù lódindi. Gbólóhùn tí àwọn òǹkọ̀wé ẹ̀yìn wọn fà yọ nìkan ló dé ọwọ́ wa. Púpọ̀ nínú ohun tó kù nínú ewì Parmenides, ará Elea, wá láti ọwọ́ Simplicius, tó dà á kọ ní ọ̀rúndún kẹfà lẹ́yìn ìbí Kristi, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Parmenides, nítorí ewì náà ti ṣọ̀wọ́n nígbà ayé tirẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Diels, kó àwọn àjákù wọ̀nyí jọ sínú ìwé tó jáde ní 1903. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba àjákù kan gbọ́, ó yẹ kó béèrè ẹni tó ròyìn rẹ̀ àti ohun tí onítọ̀hún fẹ́ fi ṣe. Aristotle, fún àpẹẹrẹ, máa ń ròyìn àwọn aṣáájú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń táràrà wá ohun tí òun padà rí.

Ìṣòro mìíràn ni pé ibi tí àwọn kan parí èrò wọn sí takò ohun tí ojú ń rí. Parmenides ní àyípadà kò lè ṣẹlẹ̀ rárá. Zeno, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ eré ìje gbèjà rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ti Achilles àti ìjàpá. Achilles, eléré ẹsẹ̀ yíyá, jẹ́ kí ìjàpá ṣáájú díẹ̀. Kó tó dé ibi tí ìjàpá wà, ìjàpá ti sún síwájú. Kó tó dé ibẹ̀, ó tún ti kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí láìlópin. A jẹ́ pé Achilles kò ní bá a láéláé. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé yóò bá a. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti fi ìka tọ́ ibi tí àlàyé náà ti wọ́, ìyẹn kò sì rọrùn. Aristotle gbìyànjú rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Physics, àwọn onímọ̀ ìṣirò náà sì ti dá sí i.

Socrates ní tirẹ̀ kò kọ ìwé kankan. Ilé ẹjọ́ Áténì dájọ́ ikú fún un ní 399 ṣáájú ìbí Kristi, lórí ẹ̀sùn pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí, àti pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Plato àti Xenophon, tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kọ̀wé nípa rẹ̀. Aristophanes sì ti fi eré apanilẹ́rìn-ín ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ní 423. Socrates tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ kò bára mu. Ìtàkùrọ̀sọ ni Plato fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé tirẹ̀, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ náà lórúkọ ara rẹ̀. Ohun tí Socrates bá wí níbẹ̀ lè jẹ́ èrò Socrates, ó lè jẹ́ ti Plato, ó sì lè jẹ́ ohun tó kàn fi dán ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ wò.

Ìwé Plato kékeré kan tó ń jẹ́ Euthyphro fi èyí hàn. Lẹ́bàá ilé ẹjọ́ ni Socrates ti pàdé Euthyphro, tó fẹ́ pe bàbá tó bí i lẹ́jọ́ nítorí alágbàṣe kan tó kú sí bàbá náà lọ́wọ́. Ó dá Euthyphro lójú pé ohun mímọ́ ni òun ń ṣe. Socrates bi í pé kí ló ń jẹ́ mímọ́. Ó ní irú ohun tí òun ń ṣe yìí ni. Socrates ní àpẹẹrẹ nìyẹn. Euthyphro tún un sọ: ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́ràn ni. Socrates wá bi í bóyá torí pé ohun náà jẹ́ mímọ́ ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, àbí torí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe di mímọ́. Ọ̀rọ̀ ń yí po títí Euthyphro fi ní òun ń kánjú, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìwé parí, ìdáhùn kò sí. Ẹni tó ń wá ìtumọ̀ tí yóò há sórí de ìdánwò á rò pé òun ti fi àkókò ṣòfò. Ẹni tó mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, á sì kọ ohun tó bì í wó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Ti Aristotle tún yàtọ̀. Stagira ni wọ́n bí i sí ní 384 ṣáájú ìbí Kristi. Ó dé ilé ẹ̀kọ́ Plato ní ọmọ ọdún 17, ó lo nǹkan bí 20 ọdún níbẹ̀, ó sì padà dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, Lyceum, sílẹ̀ ní Áténì ní 335. Àwọn ìwé tó kọ fún ará ìta, tí àwọn ará àtijọ́ yìn fún adùn èdè wọn, ti sọnù, àfi àjákù díẹ̀. Èyí tí à ń kà lónìí jọ àkọsílẹ̀ tó fi ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí gbólóhùn rẹ̀ fi gé kúrú, tí àlàyé sì ń fo ìgbésẹ̀. Metaphysics, tó ní ìpín 14, kì í ṣe ìwé kan tí ó jókòó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn ẹlòmíràn ló tò ó pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Aristotle tún ní àṣà kan: ó máa ń kọ́kọ́ to èrò àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀, á gbé ìṣòro tó wà nínú wọn jáde, kó tó sọ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fura á fa èrò tí Aristotle fẹ́ já ní koro yọ, á ní ohun tí Aristotle gbà gbọ́ nìyẹn.

Èdè Gíríìkì náà ń dá ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìtumọ̀ kan máa ń sọ aretē di ìwà rere, ṣùgbọ́n Plato sọ̀rọ̀ nípa aretē ojú àti etí nínú Republic, bẹ́ẹ̀ ojú kò níwà. Ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì máa ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ibi kan nínú ìwé náà máa ń dààmú ẹni tuntun. "Republic 514a", níbi tí ìtàn ihò àpáta ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú ewé ìwé tó wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ti ìtẹ̀jáde Henri Estienne ti ọdún 1578 ni. Ti Aristotle wá láti ìtẹ̀jáde Immanuel Bekker, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Berlin ní 1831. Nọ́ńbà wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹni tó ń ka ti Faransé lè dé ibì kan náà.

Ọmọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo èyí, ìyẹn bí a ṣe lè mọ èrò ẹni tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé. Olóògbé Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, fi Socrates àti Ọ̀rúnmìlà wéra nínú ìwé rẹ̀ Socrates and Orunmila: ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ka Euthyphro, Apology àti Crito ti Plato, tí wọ́n kúrú, kó tó dé Republic, kó sì fi Metaphysics ṣe ìkẹyìn. Kó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ti àkọ́kọ́ láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ti èkejì láti bá a jiyàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ irú ìwé tó wà níwájú rẹ̀ kò ní máa wá nínú rẹ̀ ohun tí òǹkọ̀wé kò fi síbẹ̀.