Ààlà Tí Kì í Dá Ìró Padà
Ààlà tí kì í dá ìró padà ni ìlànà ìṣirò fún etí àyè tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe àfarawé ariwo afẹ́fẹ́, bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú. Ojú ọ̀run kò ní ògiri; àyè inú kọ̀ǹpútà ní. Ìgbì tó bá kan etí rẹ̀ lè di gbohùngbohùn èké tí yóò bo ìró gidi mọ́lẹ̀, nítorí ìró kò lágbára rárá: ariwo dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 120 jẹ́ pascal 20 péré, nígbà tí ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó 101,325. Ìlànà Engquist àti Majda (1977) ń jẹ́ kí ìgbì kọjá, àfi èyí tó bá dàgẹ̀rẹ̀ púpọ̀. Ní 1994, Berenger ṣe ìpele kan tí ń gbé ìgbì bíi ti rédíò mì. Hu mú un wọ ìṣirò afẹ́fẹ́ ní 1996. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ló ṣì le jù: ààjà kéékèèké tó bá kàn án a máa dá ariwo tirẹ̀ sílẹ̀.