Ọ̀rọ̀ Kan fún Ewu Mẹ́rin: Ìdilẹ̀mú Táyà Ẹ̀yìn àti Èdè Àwọn Awakọ̀ ní Gúúsù Èkìtì

Ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá. Kò sí àlejò tí yóò wọ ìlú náà tí kò níí rí Òkè Olósùnta àti Òkè Òròlé. Ibi tí àpáta bá ti pọ̀ tó báyìí, ọ̀nà kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń sọ̀. Bí ènìyàn bá sì yà sí apá Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, tí ó kúrò lórí ọ̀dà tí ó bọ́ sí ọ̀nà oko, yóò bá ilẹ̀ pupa tí ó le bí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tí í máa yọ̀ bí ilá nígbà òjò.

Lórí irú ọ̀nà báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu awakọ̀: ‘Ọkọ̀ ń yọ̀.’ Bí táyà ẹ̀yìn bá ń yí lójú kan nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ ń yọ̀. Bí ìdí ọkọ̀ bá ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ lọ ní kọ́nà, ọkọ̀ yọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tí táyà kò yí mọ́, síbẹ̀ tí ọkọ̀ kò dúró, ọkọ̀ yọ̀. Bí omi bá gbé táyà kúrò lórí ọ̀dà, ọkọ̀ yọ̀ náà ni. Ohun mẹ́rin ni ìwọ̀nyí, ohun tí ó fà wọ́n kò sì dọ́gba. Oògùn ọ̀kan lè jẹ́ májèlé fún èkejì. Nítorí náà, kì í ṣe ẹwà èdè nìkan ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí à ń yẹ̀ wò. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tì

Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, ó sì lé ní ogún ọdún tí iṣẹ́ náà fi ń lọ. Ọkọ̀ yìí mọ ọ̀nà Èkìtì dáadáa. Iwájú ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnì ń lọ. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ Mercedes-Benz àti BMW tí a ń rí lónìí rí, àfi pé agbára tiwọn pọ̀ ju ti 504 lọ fíìfíì. Agbára yìí gan-an ni ó ń dá ìṣòro sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì lè lágbára bí erin, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí táyà bá lè di ilẹ̀ mú nìkan ni yóò ti ọkọ̀ síwájú. Èyí tí ó bá lé, òfo ni. Táyà ni yóò máa fi yí lásán.

Ní ọdún 1699, Guillaume Amontons ará Faransé ṣàlàyé pé bí ohun kan bá ṣe wúwo tó lórí èkejì ni agbára tí kò jẹ́ kí ó yọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí á gbà pé ìwúwo tí ó wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jẹ́ kìlógíráàmù 600. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà tí ó dára lè di nǹkan bí ìdá 0.8 nínú ìwúwo náà mú, èyí tí í ṣe 480. Bí òjò bá rọ̀, ó lè wá sí nǹkan bí ìdá 0.5, èyí tí í ṣe 300. Ọkọ̀ kan náà ni, awakọ̀ kan náà ni, ẹ́ńjìnì kò sì dín. Ilẹ̀ ni ó yí padà.

Rọ́bà kò tẹ̀ lé òfin Amontons tán pátápátá. Ó rọ̀, nítorí náà ó máa ń wọ inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú ọ̀dà, ó sì tún máa ń lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù lójú kan, èrè tí ó ń mú wá a dínkù. Ìdí nìyí tí a fi ń fi táyà fífẹ̀ sí ọkọ̀ alágbára.

Ohun kejì tí ó yẹ ní mímọ̀ ni pé ìdilẹ̀mú dà bí owó ọjà. Owó tí a bá ti fi ra iṣu kò lè ra epo mọ́. Táyà tí ó bá ti ná gbogbo ìdilẹ̀mú rẹ̀ lórí títi ọkọ̀ síwájú kò ní èyí tí yóò fi dá ọkọ̀ dúró sójú ọ̀nà ní kọ́nà.

Ewu mẹ́rin, orúkọ mẹ́rin

Èkíní ni ìyílójúkan. Táyà ń yí, ọkọ̀ kò lọ. Ó wọ́pọ̀ lójú ẹrẹ̀ àti lórí òkè. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan bá wọ ẹrẹ̀ tí èkejì sì wà lórí ilẹ̀ líle, èyí tí ó wà nínú ẹrẹ̀ ni yóò máa yí, nítorí pé dífù kì í fún èyí tí ó dúró ní agbára ju èyí tí ń yọ̀ lọ. Oògùn rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ dín epo tí ó ń fún ẹ́ńjìnì kù, kí ó sì lo jíà kejì.

Èkejì ni ìjùdí. Táyà ẹ̀yìn kò di ilẹ̀ mú mọ́ ní kọ́nà, ìdí ọkọ̀ sì fẹ́ ṣáájú orí. Kí awakọ̀ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kí ó yí sítíárìn sí apá ibi tí ìdí ọkọ̀ ń lọ, kí ó má sì tẹ bíréèkì.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ́lẹ̀. Bíréèkì ti di táyà mú, ṣùgbọ́n táyà kò di ilẹ̀ mú. Ó ń wọ́ lọ bí etí aṣọ. Kí awakọ̀ tú bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀, kí ó tún un tẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù.

Ẹ̀kẹrin ni ìléfòó. Omi wọ abẹ́ táyà ó sì gbé e léfòó. Bí afẹ́fẹ́ táyà bá jẹ́ 30 lórí géèjì, ìṣirò fi hàn pé ó lè ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 90 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ 20, nǹkan bí 75 péré ti tó. Kí awakọ̀ di sítíárìn mú gbọn-in, kí ó sì jẹ́ kí eré ọkọ̀ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ń ṣe ìpalára. Àwọn awakọ̀ a máa sọ fún ara wọn pé bí ọkọ̀ bá ń yọ̀, kí a dín afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn kù. Òótọ́ ni fún ìyílójúkan: táyà yóò tẹ́ sílẹ̀, yóò sì gba ilẹ̀ púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ọ̀nà oko Ẹmùré bọ́ sórí ọ̀dà Ìkẹ́rẹ́ láì fẹ́ táyà náà padà ti bọ́ lọ́wọ́ ìyílójúkan, ó sì ń sáré tọ ìléfòó lọ. Bákan náà ni ẹrù. Àpò iṣu nínú búùtù a máa ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gun òkè. Ní kọ́nà, ẹrù kan náà ni yóò fa ìdí ọkọ̀ síta bí ìjùdí bá bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe lè fi kún ìdilẹ̀mú

Ohun tí ó ṣe é ṣe láìsí owó ńlá ni kí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Kí a wọn afẹ́fẹ́ nígbà tí táyà bá tutù. Kí a wo ìlà ojú táyà: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, òfin kò gbà kí jíjìn rẹ̀ dín sí mìlímítà 1.6. Kí a tún wo ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí rọ́bà tí ó gbó a máa le. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn nínú àmì tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT ni ó ń sọ ọ́. 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń ra táyà tòkúnbọ̀, ó sì ti ṣe pàtàkì sí i láti ìgbà tí Michelin ti pa ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà ní 2008.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iwájú ni ó yẹ kí táyà tuntun wà. Àwọn onímọ̀ táyà sọ pé ẹ̀yìn ni kí á fi wọ́n sí, nítorí pé bí iwájú bá yọ̀, ọkọ̀ yóò kàn fẹ́ máa lọ tààrà ni, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ lè yí po. Kí a má sì gbàgbé ṣọ́ọ̀kì: táyà tí ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún kò sí lórí ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ohun tí kò sí lórí ilẹ̀ kò sì lè di ilẹ̀ mú.

Ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó kẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń sáré síwájú, ìwúwo a máa sún sẹ́yìn. Fún ọkọ̀ kìlógíráàmù 1,300, tí mítà 2.74 wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti 504, tí gíga ojú ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ mítà 0.55, bí eré rẹ̀ bá ń fi mítà 2 pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bí kìlógíráàmù 53 ni yóò kún ti ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá rọra tẹ̀ ẹ́ yóò jẹ èrè yìí. Ẹni tí ó bá já a lu ilẹ̀ ti yọ̀ kí èrè náà tó dé.

Ìdí tí a fi yan ‘ìdilẹ̀mú’

Àwọn kan lè fẹ́ ‘ìlẹ̀mọ́’. Ṣùgbọ́n àtè náà ń lẹ̀ mọ́ nǹkan láìsí ìwúwo lórí rẹ̀; apá kan iṣẹ́ rọ́bà ni ọ̀rọ̀ náà sọ. ‘Ìgbámú’ jọ ti ọlọ́pàá àti olè. Ọ̀rọ̀ àyálò kò sì ṣàlàyé ohunkóhun fún ọmọ ilé ìwé. ‘Di ilẹ̀ mú’ ni Yorùbá ń sọ nípa gbòǹgbò igi àti ẹsẹ̀ ẹni tí ń gun àpáta. Ó ní ilẹ̀ nínú, ó sì ní ìsapá nínú. ‘Ìyílójúkan’, ‘ìjùdí’, ‘ìwọ́lẹ̀’ àti ‘ìléfòó’ náà wá láti inú ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Ẹni tí ó mọ bí oníjó ṣe ń jùdí kò nílò ìwé atúmọ̀ kí ó tó mọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣe.

Iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní sáyẹ́ǹsì kì í rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ sí ọmọ ilé ìwé tọ́ sí awakọ̀ pẹ̀lú. Bí olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ògbufọ̀ tí ń túmọ̀ ìwé òfin ìrìnnà, àti mẹkáníìkì lábẹ́ igi bá ń lo orúkọ mẹ́rin fún ewu mẹ́rin, awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá jùdí nínú òjò yóò mọ èyí tí ó dé bá a kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sáré lọ sórí bíréèkì.