Ìwé Ìṣirò Owó Ilé Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Ó Ti Dàgbà

Bí ará Èkó bá fẹ́ yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, Alájọ Ṣómólú ni ó sábà máa ń fi í wé. Ọkùnrin náà, Alphaeus Táíwò Olúnáìkè, tí a bí ní ọdún 1915 tí ó sì di olóògbé ní ọdún 2012, gba àjọ ní Ṣómólú àti agbègbè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òkìkí rẹ̀ kàn pé kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣi owó ẹnìkan san fún ẹlòmíràn. Wọ́n tún máa ń sọ pé ó ta mọ́tò, ó fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àlàyé tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni pé mọ́tò kò lè wọ àwọn ọ̀nà tóóró tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ sì lè wọ̀ ọ́. Ohun èlò tí ó bá iṣẹ́ mu ni ó yàn, kò wo èyí tí ó níyì jù lójú ayé.

Orí bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ìṣirò ilé sì ti lọ́jú pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Olùkọ́ tí ń gbé ní Sùúrùlérè lè ní owó oṣù ní báńkì, kí ó ní owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ máa dá àjọ ní ọjà Yàbá, kí owó ilé, owó ilé-ìwé ọmọ àti owó epo jẹnẹrétọ̀ sì máa jáde lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan wà lábẹ́ ibùsùn, tí a rà ní Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà sí mọ́. Kọ̀ǹpútà yìí tó iṣẹ́ ìṣirò ilé ṣe. Ibi tí ewu wà kì í ṣe ibi tí àwọn ènìyàn ń rò pé ó wà.

Iṣẹ́ náà kéré, ó sì ti pẹ́ láyé ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní ọdún 1494, ní ìlú Venice ní Ítálì, Luca Pacioli tẹ ìwé kan jáde tí ó ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ti ń kọ owó kọ̀ọ̀kan sí ojú méjì: ibi tí ó ti jáde àti ibi tí ó wọ̀. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé títí di òní. Ẹni tí ó bá ń kọ ìnáwó mẹ́ta lójúmọ́ yóò ti kọ 10,950 ní ọdún mẹ́wàá. Kékeré ni èyí jẹ́ fún ẹ̀rọ. VisiCalc, ètò ìṣirò alálà tí ó jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II ní ọdún 1979, ṣiṣẹ́ nínú ìrántí tí kò ju 32 KB lọ. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí ó ní 2 GB ní ìlọ́po 65,536 iye yẹn. Bí ó bá ń falẹ̀, kì í ṣe ìròpọ̀ àti ìyọkúrò ni ó ń dá a dúró. Windows tí a gbé lé e lórí àti àwọn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń gbìyànjú láti ṣí ni.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní irú ẹ̀rọ yìí lè yọ Windows kúrò, kí ó fi Linux tí ó fúyẹ́ sí i, nítorí Microsoft tìkara rẹ̀ ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Kí ó kíyèsí ọjọ́ orí ẹ̀rọ náà ṣáá: Debian 13, tí ó jáde ní ọdún 2025, kò ṣeé gbé ka orí àwọn kọ̀ǹpútà 32-bit mọ́, ṣùgbọ́n Debian 12 ti ọdún 2023 ṣeé gbé kà wọ́n. Lórí rẹ̀ ni yóò ti lo GnuCash, tí ó jáde ní ọdún 1998, tàbí HomeBank tí ó fúyẹ́ jù ú lọ. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì mọ náírà.

Ètò tí a fi owó rà kò fi bẹ́ẹ̀ dára ju èyí lọ. Láti ọdún 1991 ni Microsoft ti ń ta ètò kan tí ó ń jẹ́ Money. Ní ọdún 2009 wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ dúró, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e wọ́n fi ẹ̀dà ìkẹyìn kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó parí. Ẹni tí ó ti kó ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún sínú rẹ̀ ni ó kù tí ń wá ibi tí yóò kó o gbà. Kí ènìyàn tó yan ètò kan, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè kó ìwé rẹ̀ jáde ní ọ̀rọ̀ lásán tí ètò mìíràn lè kà. Fáìlì CSV kan ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ọ̀rọ̀ èsúsú àti àjọ ni ó máa ń da ìwé ará Èkó rú jù. Àwọn tí ó ṣe ètò wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù mọ owó oṣù, wọ́n mọ ìnáwó, wọ́n mọ gbèsè báńkì. Wọn kò ya àyè kankan sọ́tọ̀ fún èsúsú. Ká ní ènìyàn 10 ń dá ₦20,000 lóṣooṣù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o yóò gba ₦200,000. Bí ó bá kọ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ owó tí ń wọlé, ìwé rẹ̀ yóò parọ́ fún un, yóò dà bí ẹni pé ọdún náà sàn án, yóò sì máa ná an bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ₦20,000 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ó padà sí i lọ́wọ́; gbèsè ni ₦180,000 yòókù, oṣù 9 ni yóò sì fi san án. Lọ́dọ̀ ẹni tí ó kó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí òun bá kọ ₦20,000 oṣooṣù sábẹ́ ìnáwó, yóò máa rò pé òun ń jẹgbèsè, nígbà tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń yá àwọn ẹlòmíràn lówó.

Ọ̀nà àbáyọ rọrùn. Kí ó ṣí àkáǹtì kan tí ó ń jẹ́ Èsúsú. Owó tí ó bá dá, kí ó gbé e láti àkáǹtì báńkì sí Èsúsú. Owó tí ó bá kó, kí ó gbé e láti Èsúsú padà sí báńkì. Ẹni tí ó kan ní oṣù karùn-ún yóò ti ní ₦100,000 níbẹ̀. Bí ó bá kó ₦200,000, àkáǹtì náà yóò fi gbèsè ₦100,000 hàn, yóò sì máa dín kù títí yóò fi di òdo ní oṣù kẹwàá. Bí kò bá di òdo nígbà tí èsúsú parí, àṣìṣe wà nínú ìwé tàbí ẹnìkan kò dá owó tirẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n tètè béèrè.

Àjọ tí à ń dá fún alájọ lójoojúmọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó dá ₦1,000 fún ọjọ́ 30 yóò gba ₦29,000, nítorí owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. ₦29,000 náà kì í ṣe owó tí ó wọlé, ₦1,000 yẹn nìkan sì ni ìnáwó. Àwọn kan ka owó ọjọ́ kan yìí sí ìrẹ́jẹ. Ṣùgbọ́n báńkì wo ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ní Múṣin lójoojúmọ́ láti gba ẹgbẹ̀rún kan náírà?

Ó ku àìlera ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ kan tí ó dà bí owó onírin, CR2032 lọ́pọ̀ ìgbà, ni ó ń pa aago mọ́ nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí a bá pa á. Bí bátìrì náà bá ti kú, aago yóò padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkígbà tí iná bá lọ, owó ilé tí a san lánàá yóò sì bá ara rẹ̀ ní ìwé ọdún tí kò kàn án. Iye owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí ó pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì máa wo déètì kí ó tó kọ ohunkóhun. Ní ti iná, tí àwọn ènìyàn ṣì ń pè ní NEPA bí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ ti yí padà láti ọdún 2005, ó lè lọ láàárín ìkọ̀wé. GnuCash máa ń pa ẹ̀dà tí ó ní déètì mọ́ nígbà tí a bá fi iṣẹ́ pamọ́, ó sì ń kọ ìyípadà kọ̀ọ̀kan sí fáìlì kan lọ́tọ̀ tí a lè fi mú un padà. Ṣùgbọ́n orí hard disk kan náà ni gbogbo ẹ̀dà wọ̀nyí wà, hard disk tí ó ti dàgbà sì lè kú lójijì. Kí ẹ̀dà kan wà lórí fláàṣì ní ilé mọ̀lẹ́bí, ní àdúgbò mìíràn bí ó bá ṣeé ṣe. Kò sì pọn dandan kí ẹ̀rọ náà wọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìfitónilétí báńkì lórí fóònù tó láti kọ ìnáwó ọjọ́ náà ní alẹ́.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò ta ẹ̀rọ yìí tàbí kí a fi í tọrẹ. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde nípa àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n ń kó wọ Èkó. Wọ́n ra hard disk díẹ̀ ní Èkó, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tí ó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ lókè òkun nínú wọn. Pípa fáìlì rẹ́ lásán kò mú un kúrò lórí hard disk. Ètò tí yóò kọ nǹkan mìíràn bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí a lò; bí ẹ̀rọ náà kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, kí a tú hard disk rẹ̀ jáde, kí a fi òòlù fọ́ ọ kí ó tó jáde nílé.