Téèpù Aláwọ̀ Oyin

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ifákọ̀ níbí, Ifákọ̀ ti Gbàgádà, kì í ṣe ti Ìjàyè, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ni róòlù téèpù kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Mo ní ìdí.

Nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́, mo fẹ́ yọ áìsì kan, ẹ̀yà kékeré kan, lára bọ́ọ̀dù fóònù. Mo fi sẹ́lótéèpù lásán bo ojú ibi tí ṣájà ń wọ̀, mo wá tan búlóà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru, sí i. Kíá, sẹ́lótéèpù ti ká jọ, ó ń rú èéfín, ojú ṣájà sì ti wọ́. Ọ̀gá mi kò pariwo. Wọ́n ya téèpù aláwọ̀ oyin, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù mìíràn, wọ́n fẹ́ ooru sí i. Kò ká, kò rú.

Polyimide ni orúkọ ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe é. Iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ọjà ní àwọn ọdún 1960, wọ́n pè é ní Kapton. Ẹ pín mílímítà kan sí ọ̀nà 40: ẹyọ kan péré ni nínípọn rẹ̀. Síbẹ̀, nínú àyẹ̀wò, ó ń dá iná tó lé ní fọ́ọ̀tì 7,000 dúró. Iná ilé wa kò ju nǹkan bí 230 lọ. Òun náà ló bo kọ́pà tín-ín-rín inú fílẹ́ẹ̀sì, okùn pẹlẹbẹ tó so ojú fóònù mọ́ bọ́ọ̀dù.

Kí ló wá fún un ní àwọ̀ oyin? Lára mólíkù rẹ̀, apá kan ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù apá kejì. Ìfàmọ́ra yẹn kò tó láti mú iná kọjá, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé ìmọ́lẹ̀ búlúù mì; èyí tó kù ló ń dé ojú wa bíi wúrà. Ohun tó ń dán lára ọkọ̀ tí Apollo 11 fi gúnlẹ̀ sójú òṣùpá ní 1969 kì í ṣe wúrà: ọ̀rá yìí ni, alumíníọ̀mù ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú fóònù tó ṣeé ká ń fẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wá fi fúlúórínì há àárín mólíkù náà kí àwọn mólíkù má baà tò léra pẹ́kípẹ́kí mọ́, ìmọ́lẹ̀ sì ráyè kọjá. Irú rẹ̀ ni Samsung fi bo ojú Galaxy Fold àkọ́kọ́ ní 2019.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé fóònù tó ń gbóná wá. Ẹni tó tú u tẹ́lẹ̀ ti ṣí téèpù oyin kúrò lórí bátìrì, kò dá a padà. Irin ti ń kan irin. Mo gé téèpù tí kò ju èékánná lọ, mo lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

"Ẹńjiníà, èló ni ti èyí?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá tún tú u, ẹ bi í léèrè téèpù oyin yìí kí ẹ tó gbà á."